Àkọsílẹ̀ àtúnṣe bíréèkì kẹ̀kẹ́ oníná: ẹ́ńjìnnì ni mo rò pé ó ń ṣàìsàn

Kẹ̀kẹ́ tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí wúwo tó kìlógíráàmù 24 kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún. Ẹ́ńjìnnì oníná rẹ̀, tí agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 250, wà nínú họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín gbùngbùn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bíréèkì onídíìsì ni ó ní níwájú àti lẹ́yìn, fífẹ̀ díìsì kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílímítà 160, kébù ni ó sì ń fa méjèèjì, kì í ṣe ọ́ìlì. Mo ti gùn ún fún kìlómítà 1,900 kí iṣẹ́ yìí tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìtọ́jú tí mo sì fún bíréèkì rẹ̀ láàárín àkókò yẹn kò ju pé kí n máa fi ìka yí nọ́ọ̀tì ìfakébù, ìyẹn nọ́ọ̀tì roboto kékeré tó wà lẹ́nu ọwọ́ bíréèkì, nígbàkúùgbà tí ọwọ́ náà bá ti ń sún mọ́ hándù jù. Yóò le padà, ọkàn mi yóò sì balẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí ni ó jẹ́ kí n mọ̀ pé kébù ni mo ń fà le ní gbogbo àkókò yẹn, bíréèkì fúnra rẹ̀ sì ń tán lọ lábẹ́lẹ̀.

Kí n tó wọ inú iṣẹ́, ó yẹ kí n sọ ìdí tí kẹ̀kẹ́ oníná fi ń jẹ páàdì, ìyẹn ohun tó ń há díìsì mọ́ kí kẹ̀kẹ́ lè dúró, ju kẹ̀kẹ́ lásán lọ. Bí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ àti kẹ̀kẹ́ náà bá jọ wúwo tó kìlógíráàmù 100, tí wọ́n sì ń sáré kìlómítà 25 ní wákàtí kan, agbára eré tó wà lára wọn jẹ́ nǹkan bíi júùlù 2,400. Bí eré náà bá di 32, agbára yẹn yóò di nǹkan bíi 3,950. Ohun tó lé lórí eré kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin àti díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ohun tó lé lórí ẹrù tí bíréèkì gbọ́dọ̀ gbé ju ìdajì lọ, nítorí pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Ooru ni bíréèkì ń sọ gbogbo rẹ̀ dà, lórí irin pẹlẹbẹ tí kò nípọn tó mílímítà 2. Ohun mìíràn tún wà tí àwọn ènìyàn kì í kà sí: ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ lásán wa kẹ̀kẹ́ máa ń ṣọ́ eré rẹ̀ ná, nítorí òógùn rẹ̀ ni ó fi rà á. Ẹni tí ẹ́ńjìnnì ń ràn lọ́wọ́ á dúró, á tún dé orí eré rẹ̀ àtijọ́ kíákíá, á sì tún dúró, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe é títí yóò fi délé.

Ọjọ́ kìíní: ẹ́ńjìnnì ń kú, ó ń jí

Ohun tó gbé mi dìde kì í ṣe bíréèkì rárá. Ẹ́ńjìnnì ni. Màá máa wa pẹ́dà lọ, yóò sì máa ràn mí lọ́wọ́, lójijì ni yóò dákẹ́. Tó bá tún ṣe díẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kan ohunkóhun. Bátìrì ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mo ṣáàjì rẹ̀ títí ó fi kún, mo yọ ọ́, mo fi aṣọ gbígbẹ nu àwọn irin tí iná ń gbà kọjá, mo dá a padà sí àyè rẹ̀, kò sí ìyàtọ̀. Mo tọ wáyà láti ìdí bátìrì dé ìdí kọntiróólà, ìyẹn àpótí tó ń darí iná ẹ́ńjìnnì, mo tẹ gbogbo oríkèé rẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó tú.

Mo wá gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sókè kúrò nílẹ̀, mo lọ́ tọ́rótù, ìyẹn ohun tí a ń lọ́ lára hándù kí ẹ́ńjìnnì lè ṣiṣẹ́, kò dáhùn. Níbi tí mo ti ń wo hándù ni mo ti rí i pé ọwọ́ bíréèkì méjèèjì kò rí bákan náà: ti ẹ̀yìn tẹ̀ sínú díẹ̀ ju ti iwájú lọ. Mo fi ìka kan tì í síta, kò tó mílímítà 2, bí ìgbà tí ènìyàn ń ti ilẹ̀kùn tí kò wọlé tán. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo fi ọwọ́ náà sílẹ̀, ẹsẹ̀ dúró. Mo tún tì í, ó tún yí.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Nínú ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tí ẹ́ńjìnnì wọn wà nínú họ́ọ̀bù, súwíìṣì kékeré kan wà nínú ọwọ́ bíréèkì kọ̀ọ̀kan. Nínú tèmi, òòfà wẹ́rẹ́ kan wà lára ọwọ́ náà. Bí a bá ti fa ọwọ́ náà, òòfà á yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, súwíìṣì á mọ̀, kọntiróólà á sì gé iná ẹ́ńjìnnì kí páàdì tó kan díìsì. Ètò tó dára gan-an ni, nítorí pé ẹ́ńjìnnì tó ń ti kẹ̀kẹ́ lọ síwájú nígbà tí bíréèkì ń fà á sẹ́yìn jẹ́ ewu fún ẹni tó gùn ún, ó sì ń jẹ páàdì lásán. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bíréèkì kò bá padà délé dáadáa, kọntiróólà yóò gbà pé a ṣì ń dá kẹ̀kẹ́ dúró.

Láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, mo pa bátìrì, mo fa oríkèé wáyà ọwọ́ bíréèkì ẹ̀yìn yà, mo tan bátìrì padà, mo sì tún lọ́ tọ́rótù. Ẹ́ńjìnnì yí láìdáwọ́ dúró. Mo mọ àwọn tó ń fi oríkèé yìí sílẹ̀ ní yíyà títí láé nítorí pé kẹ̀kẹ́ wọn ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ń bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tó ń fi ìyípo pẹ́dà mọ ìgbà tí yóò ṣiṣẹ́ kì í dúró lójú ẹsẹ̀ tí a bá dáwọ́ pẹ́dà dúró. Ó máa ń ti kẹ̀kẹ́ fún ìgbà díẹ̀ sí i. Ìgbà díẹ̀ yẹn gan-an ni súwíìṣì yìí wà fún. Mo ki oríkèé náà bọ ara wọn padà kí n tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ìbéèrè tó kù ni ìdí tí ọwọ́ náà kò fi padà. Mo tú kébù kúrò lára kálípà ẹ̀yìn, ìyẹn irin tó gbé páàdì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì díìsì, mo fi ìka méjì di orí rẹ̀ mú, mo sì fà á síwá sẹ́yìn. Ó yẹ kó máa yọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ha bí ẹni pé iyanrìn wà nínú èèpo rẹ̀. Nígbà tí mo fà á jáde tán, mo rí ibi tó ti dípẹtà, ó gùn tó ìka ọwọ́ kan, ó sì ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ibẹ̀ gẹ́lẹ́ ni èèpo kébù ti tẹ̀ sísàlẹ̀ jù lọ kí ó tó gòkè lọ sí kálípà, tí omi òjò fi ń dúró sínú rẹ̀. Ní òkè, nítòsí orí kébù tó wọ inú ọwọ́ bíréèkì, méjì nínú àwọn fọ́nrán irin rẹ̀ ti já, wọ́n sì ti ṣẹ́ síta bí irun. Ibi yìí ni kébù ń tẹ̀ tó sì ń nà ní gbogbo ìgbà tí a bá fa bíréèkì, kò sì sí ẹni tó lè rí i láìfa ọwọ́ bíréèkì tán kó sì tan tọ́ọ̀ṣì wọ inú rẹ̀. Kébù tí fọ́nrán kan ti já lára rẹ̀ kò yẹ lára bíréèkì mọ́, ì báà ṣe pé ó ṣì ń fà.

Mo ti fẹ́ ka iṣẹ́ sí pípààrọ̀ kébù nìkan, kí n tó wo kálípà iwájú láti fi wé ti ẹ̀yìn. Níta kálípà tí kébù ń fa, apá irin kan wà tí kébù dì mú. Bí kébù bá fa apá yìí, irin inú á yí, àwọn bọ́ọ̀lù irin kéékèèké á gun ojú ọ̀nà tó rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọn á sì ti páàdì kan síwájú kó lè há díìsì mọ́ èkejì tó dúró lójú kan. Ìrìn apá náà ní òpin. Ti iwájú tí mo ń wò yìí, tí n kò tíì fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀, ti rin ju ìdajì ìrìn rẹ̀ lọ kí n tó fà á rárá. Nọ́ọ̀tì ìfakébù tí mo ti ń yí láti ìgbà pípẹ́ ni ó gbé e débẹ̀.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí nìyí, n ó sì dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Páàdì ń tán, àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti díìsì ń fẹ̀ sí i, mo sì ń fi kébù gba ìrìn apá kálípà jẹ kí àlàfo yẹn má bàa hàn sí mi. Bí mo bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan á dé tí apá náà á kan òpin ìrìn rẹ̀ kí páàdì tó há díìsì dáadáa. Ní ọjọ́ yẹn, ọwọ́ bíréèkì á le bí òkúta lọ́wọ́ mi, nítorí pé irin ti kan irin, kẹ̀kẹ́ kò sì ní dúró. Gbogbo wa ni a ti kọ́ láti máa fi líle ọwọ́ mọ bíréèkì tó dára. Lára bíréèkì tí kébù ń fa, líle lè wá láti ara kálípà tí kò ní ibi tí yóò lọ mọ́. Ojú apá kálípà ni ó yẹ kí a máa wò, kí a sì mọ ibi tó wà nígbà tí a kò fa ohunkóhun.

Ọjọ́ kejì: páàdì àti díìsì

Mo yọ bátìrì kúrò lára kẹ̀kẹ́ pátápátá kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì má bàa yí nígbà tí ìka mi bá wà nítòsí díìsì. Díìsì tó ń yí lè gé ìka, èyí tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ọ̀nà dé lè jó ènìyàn lọ́wọ́, nítorí náà òwúrọ̀, nígbà tó ti tutù, ni mo fi ṣe é.

Fún ti iwájú, mo yọ ẹsẹ̀, mo na pín-ìnnì tó di páàdì mú, páàdì méjèèjì sì jáde pẹ̀lú sípíríǹgì tó wà láàárín wọn. Fún ti ẹ̀yìn, n kò yọ ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì wà nínú rẹ̀ wúwo, ó ní wáyà, ó ní àwọn wáṣà tí ètò wọn kò gbọ́dọ̀ yí padà, kò sì sí ìdí láti da gbogbo ìyẹn rú nítorí páàdì. Bóòtù méjì tó di kálípà mọ́ férémù ni mo tú, mo fa kálípà kúrò lórí díìsì, mo sì yọ páàdì láti ibẹ̀.

Mo fi vernier, irinṣẹ́ ẹlẹ́nu méjì tí a fi ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó, wọn ẹran páàdì, ìyẹn apá tó ń fara kan díìsì, láìka irin ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ọn. Páàdì iwájú tó ń rìn ku mílímítà 0.7. Èyí tó dúró lójú kan ni ó yà mí lẹ́nu: mílímítà 0.9 ni ní etí kan, 0.4 sì ni ní etí kejì. Nígbà tí mo gbé e dúró lòdì sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó rí bí ìgékúrú ọṣẹ tí a ti fi ẹ̀gbẹ́ kan lò jù. Páàdì tó jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bẹ́ẹ̀ ń sọ pé kálípà kò dọ́gba pẹ̀lú díìsì, ó sì ti pẹ́ tó ti wà bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn olùṣe bíréèkì, Shimano ní kí a pààrọ̀ páàdì nígbà tí ẹran rẹ̀ bá ku mílímítà 0.5, Magura ní tirẹ̀ a máa wọn ẹran àti irin ẹ̀yìn pọ̀, ó sì ní kí gbogbo rẹ̀ má dín sí 2.5. Kí ẹni tó fẹ́ wọn tirẹ̀ kọ́kọ́ mọ èyí tí olùṣe bíréèkì rẹ̀ ń sọ nínú méjèèjì, nítorí pé ẹni tó bá fi òdiwọ̀n kan wọn páàdì kejì lè ṣì í sọ nù tàbí kó ṣì í lò.

Páàdì ẹ̀yìn ṣì nípọn tó 1.1, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń dán bíi dígí, ó sì dúdú ní apá kan. Mo fọwọ́ kàn án, ó ń yọ̀. Ọ́ìlì ṣéènì ni. Mo rántí pé mo máa ń fín ọ́ìlì sí ṣéènì láti inú agolo, atẹ́gùn a sì máa gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ kọjá sí ara díìsì. Ìyẹn náà ni ó ń fa igbe tí bíréèkì ẹ̀yìn ń ké láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn kan máa ń fi sáńdípépà ha irú páàdì bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn a máa yan án lórí iná kí ọ́ìlì lè jáde. Èmi kò ṣe èyíkéyìí. Sáńdípépà dára fún páàdì tí ooru nìkan mú kí ó máa dán. Ọ́ìlì kì í dúró sí ojú páàdì, inú ni ó ń wọ̀ lọ, iná sì lè ba gọ́ọ̀mù tó lẹ ẹran páàdì mọ́ irin ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Mo kó méjèèjì sọ nù. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń kán ọ́ìlì sí oríkèé ṣéènì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mo sì máa ń nu èyí tó bá ṣẹ́kù.

Ó ku díìsì. Mo fi èékánná gba ojú díìsì iwájú kọjá láti inú lọ síta, ó sì kọ́ lára òkè tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní etí, níbi tí páàdì kì í dé. Òkè yìí ni ó máa ń tan ẹni tó ń fi vernier wọn díìsì jẹ, nítorí pé ẹnu vernier á gbé ara lé e, yóò sì pe díìsì ní ohun tó nípọn ju bó ti rí lọ. Ṣóńṣó ẹnu vernier nìkan ni mo fi wọn ibi tí páàdì ti ń fà: 1.6 ni iwájú, 1.7 ni ẹ̀yìn. Méjèèjì jẹ́ 1.8 nígbà tí wọ́n wà ní tuntun, olùṣe wọn sì tẹ̀ ẹ́ sí ara wọn pé wọn kò gbọ́dọ̀ dín sí 1.5. Lójú ìwé, kò sí èyí tó tíì tán. Síbẹ̀, mo pààrọ̀ ti iwájú, nítorí pé iwájú ni ó ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìdádúró, n kò sì fẹ́ kí díìsì tó ku ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà parí ayé rẹ̀ lábẹ́ páàdì tuntun. Ti ẹ̀yìn, mo fi í sílẹ̀, mo sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé.

Ẹnì kan lè béèrè ìdí tí n kò fi lo díìsì mílímítà 180 nígbà tí mo kúkú ń pààrọ̀ rẹ̀. Ó máa ń mú kẹ̀kẹ́ dúró pẹ̀lú agbára tó tó ìdá kan nínú mẹ́jọ ju ti 160 lọ fún ìfà ọwọ́ kan náà, ó sì ń tètè tutù. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́, ìyẹn irin tó di ẹsẹ̀ iwájú mú, ni ó máa ń ru agbára yẹn, a kò sì gbọ́dọ̀ gbé díìsì tó tóbi ju èyí tí olùṣe fọ́ọ̀kì gbà láyè lọ sórí rẹ̀. Tèmi kò kọjá 160.

Bóòtù mẹ́fà, tí kọ́kọ́rọ́ Torx T25 ń tú, ni ó di díìsì mọ́ họ́ọ̀bù. Mo wo ọfà tó wà lára díìsì tuntun kí ó lè kọjú sí ibi tí ẹsẹ̀ ń yí sí, mo fi bóòtù kọ̀ọ̀kan sí i pẹ̀lú ọwọ́ ná, lẹ́yìn náà ni mo wá ń dì wọ́n díẹ̀díẹ̀, tí mo bá di ọ̀kan màá kọjá sí èyí tó kọjú sí i, títí gbogbo wọn fi dé iye tí olùṣe kọ. Mo fi isopropyl alcohol àti aṣọ mímọ́ nu díìsì méjèèjì, n kò sì fi ìka lásán kan ojú wọn mọ́, nítorí pé ọ̀rá ara ìka tó láti fi bẹ̀rẹ̀ igbe tuntun. Páàdì onírésìnì ni mo rà, nítorí pé wọ́n kọ ọ́ sí ara díìsì ẹ̀yìn pé irú páàdì yẹn nìkan ni ó gbà. Páàdì onírin máa ń pẹ́ jù ú lọ, ó sì ń fara da ooru jù ú, ṣùgbọ́n yóò jẹ díìsì bẹ́ẹ̀ tán kíákíá.

Ọjọ́ kẹta: kébù tuntun, àti títò kálípà

Mo pààrọ̀ kébù méjèèjì àti èèpo wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí èèpo tí ẹ óò rà. Èèpo kébù bíréèkì ní irin tó lọ́ yípo bíi sípíríǹgì nínú. Èèpo kébù jíà ní irin tó nà gbọọrọ. Lóde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìyàtọ̀ láàárín wọn, ṣùgbọ́n èèpo jíà lè bẹ́ bí a bá fi gbogbo agbára fa bíréèkì, ìgbà tí a sì ń fi gbogbo agbára fà á ni ìgbà tí a nílò rẹ̀ jù lọ. Mo gé èèpo tuntun pẹ̀lú púláyà tó mú, mo fi abẹ́rẹ́ la ẹnu rọ́bà inú rẹ̀ tó ti pa dé, mo sì gbà á gba ọ̀nà tí kò ti ní tẹ̀ sísàlẹ̀ kí ó tó gòkè. Mo yí hándù lọ sí òsì tán àti sí ọ̀tún tán kí n tó gé e, kí ó má bàa kúrú.

Títò kálípà ni iṣẹ́ gan-an, ọ̀kan ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀ títí mo fi mọ̀ ọ́n kí n tó bọ́ sí èkejì. Mo yí nọ́ọ̀tì ìfakébù wọlé tán, mo wá dá a padà ní ìyípo kan péré. Mo jẹ́ kí apá kálípà padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀ pátápátá, mo fa kébù kí ó kàn má dẹ̀, mo sì dì í. Mo tú bóòtù méjèèjì tó di kálípà mú kí ó lè máa mì. Kálípà tèmi ní síkúrù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń sún páàdì síwájú láìfọwọ́ kan kébù. Mo yí méjèèjì títí páàdì fi há díìsì mọ́ àárín, kálípà fúnra rẹ̀ sì dọ́gba pẹ̀lú díìsì. Níbẹ̀ ni mo ti di bóòtù méjèèjì, ọ̀kan díẹ̀, èkejì díẹ̀, títí wọ́n fi dé 6 Nm lórí kọ́kọ́rọ́ tó ń wọn líle ìdì. Bí a bá di ọ̀kan tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kálípà á yí tẹ̀ lé e, páàdì tuntun á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lẹ́yìn èyí, mo dá síkúrù kọ̀ọ̀kan padà díẹ̀díẹ̀ títí díìsì fi ń yí láìkan ohunkóhun. Mo tẹ́ ìwé funfun sílẹ̀ lẹ́yìn kálípà, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, mo sì wò láti iwájú: ìlà ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni ó yẹ kí a rí, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan díìsì. Mo jẹ́ kí ti páàdì tó dúró tẹ́ẹ́rẹ́ jù, kí díìsì má bàa ní láti tẹ̀ púpọ̀ kí ó tó kàn án. Ìgbà mẹ́ta ni mo tún ti iwájú tò kí ìlà méjèèjì tó dọ́gba láti òkè délẹ̀, ti ẹ̀yìn sì gbà ní ẹ̀ẹ̀kan.

Láti ìsinsìnyí lọ, bí páàdì bá ń tán, síkúrù ara kálípà ni màá yí. Nọ́ọ̀tì ìfakébù wà fún kébù tó nà díẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kálípà kan wà tí síkúrù wọn kò ju ọ̀kan lọ, ní ẹ̀gbẹ́ páàdì tó dúró. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ á ṣì máa fi nọ́ọ̀tì ìfakébù sún páàdì kejì. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ka ìyípo rẹ̀, bó bá sì ti kọjá mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ó yọ páàdì wò.

Fún àwọn tí bíréèkì wọn jẹ́ ọlọ́ìlì, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Páàdì wọn a máa sún síwájú fúnra rẹ̀ bí ó ti ń tán, nítorí náà ọwọ́ bíréèkì kò ní sọ ohunkóhun fún wọn. Ojú nìkan ni ó lè sọ. Bí ọwọ́ náà bá ń rọ̀ bíi kàn-ìn-kàn-ìn, afẹ́fẹ́ ti wọ inú ọ́ìlì. Irú ọ́ìlì bíréèkì méjì ló wà, mineral àti DOT, wọn kò sì gbọ́dọ̀ pàdé láé, nítorí pé rọ́bà tí wọ́n ṣe fún ọ̀kan á bàjẹ́ nínú èkejì. Èyí tó yẹ wà ní kíkọ sí ara ọwọ́ bíréèkì tàbí ìdérí rẹ̀. DOT máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́: òdiwọ̀n DOT 4 ní kí ó má hó kí ooru tó dé 230 °C nígbà tó wà ní tuntun, ṣùgbọ́n bó bá ti fa omi, 155 °C ni òdiwọ̀n náà béèrè. Bí ẹ bá sì ti yọ ẹsẹ̀, ẹ má ṣe fa ọwọ́ bíréèkì náà láìfi nǹkan sáàárín páàdì méjèèjì, nítorí pé wọn á pa dé mọ́ra wọn, díìsì kò sì ní ríbi wọ̀ mọ́.

Mo dá bátìrì padà. Ìdánwò àkọ́kọ́ ni ti súwíìṣì: mo gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sókè, mo lọ́ tọ́rótù, mo sì fa ọwọ́ bíréèkì iwájú díẹ̀díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ti kú kí páàdì tó kan díìsì. Mo ṣe bákan náà fún ti ẹ̀yìn, òun náà kú, bí mo sì ti fi ọwọ́ sílẹ̀ ni ó padà délé pẹ̀lú ìró kékeré kan tí n kò tíì gbọ́ láti oṣù mélòó kan. Mo wá fi gbogbo agbára fa ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Àlàfo tó kù sí hándù gba ìka méjì.

Páàdì tuntun kì í mú lójú ẹsẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi díẹ̀ nínú ara rẹ̀ sílẹ̀ sí ojú díìsì. Mo lọ sí ibi tí ó tẹ́jú tí kò sí ènìyàn, mo sáré dé kìlómítà 20 ní wákàtí kan, mo sì fi bíréèkì iwájú nìkan dín eré kù títí ó fi dà bí ìrìn ẹsẹ̀, láìjẹ́ kí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ dì pa. Ìgbà 20 ni mo ṣe é, mo sì ṣe iye kan náà fún ti ẹ̀yìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó dà bí ẹni pé pátákó ni mo fi ń fa díìsì. Nígbà tó di ìgbà kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án, ìró rẹ̀ yí padà, ó jinlẹ̀, hándù sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọwọ́ mi padà. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ wò ó, ojú díìsì tuntun ti ní àwọ̀ eérú kan tó dọ́gba yípo.

Lẹ́yìn kìlómítà 300

Ẹ́ńjìnnì kò kú mọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kébù méjèèjì ti nà díẹ̀, mo sì fi ìdajì ìyípo nọ́ọ̀tì ìfakébù gba nínà náà. Mo yí síkúrù páàdì tó dúró ní iwájú síwájú díẹ̀, apá kálípà sì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀ níbi tí mo fi í sí. Bíréèkì ẹ̀yìn kò ké.

Àwọn ìwọ̀n òní, ní mílímítà: páàdì iwájú méjèèjì, 1.8 láti 2.0, etí kan kò sì ju èkejì lọ. Páàdì ẹ̀yìn, 1.9, díìsì iwájú, 1.8, díìsì ẹ̀yìn, 1.7. Màá tún wọn gbogbo wọn ní kìlómítà 600, ti díìsì ẹ̀yìn ní pàtàkì.